Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi: Ṣé Bíbélì Tí Wọ́n Túmọ̀ Ní Ìmísí Ọlọ́run?

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fara balẹ̀ kà á. O ní ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì yín ń sọ pé ẹni tí kò bá gbọ́ Hébérù àti Gíríìkì, òjìji ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń kà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gan-an. Ẹlòmíràn wá dìde, ó ní Bíbélì King James, ìyẹn Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 1611, nìkan ni Ọlọ́run mí sí, pé ọgbọ́n orí ènìyàn ni gbogbo èyí tó kù. O bi mí pé ta ni kí o gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Mi ò fara mọ́ ẹnì kankan nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtítọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́. Ohun tí mo gbà ni pé ohun tí àwọn wòlíì àti àwọn àpọ́sítélì kọ ni Ọlọ́run mí sí, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀; ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ìtumọ̀ bá ti gbé ohun tí wọ́n sọ dé ọ̀dọ̀ rẹ láìyẹ̀, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lo gbà yẹn, àṣẹ rẹ̀ sì wà lórí rẹ. Jẹ́ kí n tú u palẹ̀ fún ọ, torí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ẹni tí wọ́n bá kó iyèméjì bá nípa Bíbélì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ yẹn.

Ẹsẹ tí gbogbo ènìyàn máa ń fà yọ ni Tímótì Kejì 3:16, pé gbogbo ìwé mímọ́ ló ní ìmísí Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù lò níbẹ̀, theopneustos, kò jáde níbòmíràn nínú gbogbo Májẹ̀mú Tuntun. Ohun tó ń sọ ni pé Ọlọ́run ló mí ìwé náà jáde. Kíyè sí i pé ìwé ni Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Pétérù ló sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn náà, ní Pétérù Kejì 1:21, pé wọ́n sọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run bí Ẹ̀mí Mímọ́ ti ń darí wọn. Wá gbogbo Bíbélì já, o ò ní rí ibi tí Ọlọ́run ti ṣèlérí pé òun yóò darí àwọn tó ń túmọ̀ lọ́nà kan náà. Ibẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ yín dúró sí, kò sì ka ohun tó wà lókè ẹsẹ náà.

Ní Tímótì Kejì 3:15, Pọ́ọ̀lù ní Tímótì ti mọ ìwé mímọ́ láti ìgbà ọmọdé. Ìwé mímọ́ wo? Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16:1 sọ fún wa pé Júù ni ìyá rẹ̀, Gíríìkì ni bàbá rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn tó ń sọ Gíríìkì, ìwé tó ṣeé ṣe jù lọ kí wọ́n ti máa kà fún un ni Májẹ̀mú Láéláé tí wọ́n túmọ̀ sí Gíríìkì, èyí tí à ń pè ní Septuagint. Ìtumọ̀ ni, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní ìwé mímọ́, kò fi “ṣùgbọ́n” kankan tì í.

Aleksándríà ní Íjíbítì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Septuagint, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Ìwé márùn-ún Mósè ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, àwọn yòókù tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Ìwé àtijọ́ kan, Lẹ́tà Aristeas, sọ pé àgbààgbà 72, mẹ́fà mẹ́fà láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ló fi ọjọ́ 72 parí ìwé Mósè. Philo tó jẹ́ Júù ará Aleksándríà tún bù sí i: ó ní ṣe ni wọ́n ń kọ bí ẹni tí Ẹ̀mí gbé, tí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn sì dọ́gba délẹ̀. Àwọn onímọ̀ òde òní kò gba ìtàn náà bẹ́ẹ̀, torí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń fi hàn pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìwé Mósè rọ̀ mọ́ Hébérù dáadáa, ti Àìsáyà tú sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Jeremáyà sì kúrú ju èyí tó wà nínú Hébérù tí a ń kà lónìí.

Lórí ìtumọ̀ yìí ni àwọn àgbà ìjọ ìgbàanì ti kọ́kọ́ jiyàn ohun tí ẹ̀yin náà ń jiyàn lé lórí. Augustine gbà pé Ẹ̀mí tó wà nínú àwọn wòlíì nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ló tún wà nínú àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì. Jerome, tí Póòpù Damasus gbé iṣẹ́ Bíbélì Látìnì lé lọ́wọ́ ní 382, kò gbà rárá. Ó ní ọ̀tọ̀ ni wòlíì, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó ń túmọ̀: Ẹ̀mí ló ń sọ ohun tó ń bọ̀ fún wòlíì, ìmọ̀ ìwé àti mímọ èdè ni olùtúmọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn Jerome ni mo wà. Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí ẹni tó bá fara mọ́ Jerome gbọ́dọ̀ dáhùn, mi ò sì fẹ́ kí o fò ó.

Ṣí Sáàmù 40:6. Ohun tí Hébérù sọ níbẹ̀ ni pé, “etí ni ìwọ gbẹ́ fún mi.” Septuagint sọ pé, “ara ni ìwọ pèsè fún mi.” Wá ṣí ìwé Hébérù nínú Májẹ̀mú Tuntun, 10:5, níbi tí ẹni tó kọ ìwé náà ti fi sáàmù yìí sí ẹnu Kristi: “ara” ló lò. Kò sì kàn fà á yọ kó kọjá lọ. Tó bá fi dé ẹsẹ 10, orí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé e kà, pé nípasẹ̀ ìrúbọ ara Jésù Kristi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni a fi sọ wá di mímọ́. Bí o bá fi “etí” rọ́pò “ara” nínú orí náà, okùn àlàyé rẹ̀ já.

Irú rẹ̀ wà ní Ìṣe 15. Nígbà tí ìjọ Jerúsálẹ́mù ń wádìí bóyá kí wọ́n di òfin Mósè ru àwọn Kèfèrí tó gbàgbọ́, Jákọ́bù fa Ámósì 9 yọ. Hébérù ní Ísírẹ́lì yóò gba ìyókù Édómù. Gíríìkì ní ìyókù ènìyàn yóò wá Olúwa. Kọ́ńsónáǹtì kan náà ni Hébérù fi ń kọ “Édómù” àti “ènìyàn”, ọ̀rọ̀ tó dúró fún “gbà” àti èyí tó dúró fún “wá” sì súnmọ́ ara wọn lójú ìwé. Ọ̀nà tí Gíríìkì gbà kà á ni Jákọ́bù gbé síwájú ìgbìmọ̀, orí ìyẹn ni ìpinnu sì gbà jókòó.

Àwọn kan rí èyí, wọ́n ní nígbà náà gbogbo Septuagint ní ìmísí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù fa ọ̀rọ̀ akéwì Gíríìkì yọ ní Ìṣe 17:28, ó tún fa ti ará Kírétè kan yọ ní Títù 1:12, kò sì sẹ́ni tó sọ pé gbogbo ewì àwọn abọ̀rìṣà wọ̀nyẹn ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá. Nígbà tí àpọ́sítélì bá mú gbólóhùn kan wọ inú ìwé rẹ̀, gbólóhùn náà ti di ara ìwé tó ní ìmísí. Kò sọ odindi ibi tó ti mú un wá di onímìísí. Ohun tí àwọn ẹsẹ wọ̀nyí fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àwọn àpọ́sítélì kò bẹ̀rù ìtumọ̀. Wọ́n kà á, wọ́n wàásù láti inú rẹ̀, wọ́n sì pè é ní ohun tí Ọlọ́run wí.

Nǹkan mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí o bi ẹni àkọ́kọ́ yẹn. Èdè Árámáíkì ni Jésù fi ń bá àwọn ará ilé àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gíríìkì sì ni èdè tí ìwé ìhìn rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dé ọwọ́ ìjọ. Máàkù fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ bí Jésù ṣe sọ ọ́, irú bíi “Tálítà kúmì” ní 5:41, ó sì túmọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwàásù rẹ̀ lórí òkè ńkọ́? Àwọn òwe rẹ̀ ńkọ́? Nínú Gíríìkì àkọ́kọ́ pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Olúwa jẹ́ ohun tí wọ́n ti túmọ̀. Bí ìtumọ̀ kò bá lè gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, a jẹ́ pé a ti pàdánù ọ̀rọ̀ Jésù ká tó ṣí Mátíù. Ibí yìí ni Kristẹni ti yàtọ̀ sí Mùsùlùmí: lójú Mùsùlùmí, Kùránì tó wà ní èdè Lárúbáwá nìkan ni Kùránì, àlàyé lásán ni èyí tí wọ́n bá túmọ̀. Kristẹni kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, olúkúlùkù gbọ́ ní èdè ìbílẹ̀ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ní kó lọ kọ́ Hébérù ná.

Ó ku ẹnì kejì, ẹni tó ní King James nìkan. Ẹni yìí ni mo fẹ́ kí o fi sùúrù bá sọ̀rọ̀, torí ìfẹ́ Bíbélì ló gbé e débẹ̀. Má fi ìwé àwọn alátakò rẹ̀ bá a jà. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú tí àwọn tó túmọ̀ King James fúnra wọn fi síwájú ìwé náà ní 1611 ni kí o fún un kà. Nǹkan bí onímọ̀ 47 ló ṣe iṣẹ́ náà, Miles Smith ló sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé ìtumọ̀ tó kéré jù lọ tí àwọn Kristẹni ti ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tó kàn ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nínú, pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Ó ní bí ọba bá sọ̀rọ̀ ní ilé ìgbìmọ̀, tí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, Dọ́ọ̀ṣì, Ítálì àti Látìnì, ọ̀rọ̀ ọba náà ló ṣì ń jẹ́, bí ẹnu gbogbo àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ dùn dọ́gba. Nígbà tó kan Septuagint, ọ̀rọ̀ Jerome ló gbà: olùtúmọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe wòlíì, wọ́n ṣe dáadáa bí ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì kọsẹ̀ bí ènìyàn. Àwọn tó sọ báyìí nípa àwọn tó ṣáájú wọn kò gba ipò wòlíì fún ara wọn.

Tún ní kó sọ ẹ̀dà tó ní lọ́kàn. Ti 1611 ní àwọn ìwé Àpókírífà nínú, ìyẹn àwọn ìwé tí ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì kò kà mọ́ Bíbélì, ó sì ní ọ̀rọ̀ létí ìwé níbi púpọ̀ tí àwọn olùtúmọ̀ ti ń sọ pé, “ó tún lè jẹ́ báyìí.” Wọ́n tún un ṣe ní 1629, ní 1638, ní 1762 àti ní 1769, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1769 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà lónìí. Ní 1631, àwọn òǹtẹ̀wé ọba, Robert Barker àti Martin Lucas, tẹ ẹ̀dà kan tí “má ṣe” ti fò nínú òfin nípa panṣágà ní Ẹ́kísódù 20:14, tí òfin náà wá di àṣẹ láti ṣe é. Wọ́n bu owó ìtanràn £300 lé wọn, wọ́n sì kó àwọn ìwé náà run. Ìwé kan náà ni wọ́n ní àwọn ń tẹ̀.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni ti Ìfihàn 22:19. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Erasmus ń ṣètò Májẹ̀mú Tuntun ti Gíríìkì tó tẹ̀ jáde ní 1516, ìwé àfọwọ́kọ kan ṣoṣo ló rí fún Ìfihàn, ojú ewé tó gbẹ̀yìn sì ti já kúrò lára rẹ̀. Ẹsẹ mẹ́fà tó kẹ́yìn, 16 sí 21, kò sí níbẹ̀. Ó wá mú Bíbélì Látìnì, ó sì túmọ̀ wọn padà sí Gíríìkì fúnra rẹ̀. Nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì, ìpín nínú “igi ìyè” ni Ọlọ́run yóò mú kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá yọ nínú ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ṣùgbọ́n nínú Látìnì, ligno ni igi, libro ni ìwé, àwọn adàwékọ sì ti fi ọ̀kan ṣe èkejì ní àkókò kan. Bí Erasmus ṣe kọ “ìwé ìyè” nìyẹn, bó sì ṣe wọ King James nìyẹn, ní ẹsẹ tó ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni kò wó tìtorí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ní Ọlọ́run mí sí gbogbo ọ̀rọ̀ King James lọ́kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ pé Ọlọ́run mí sí àṣìkọ adàwékọ Látìnì, tó sì fi àwọn tó ka Gíríìkì fún ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé sílẹ̀ nínú àṣìṣe. Mi ò rò pé ẹnu rẹ̀ yóò gbà á láti sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìjọ ńláńlá ti ṣe òfin lórí èyí, mi ò ní fà á gùn. Ìgbìmọ̀ Trent ti ìjọ Kátólíìkì kéde ní 1546 pé Bíbélì Látìnì tí wọ́n ń pè ní Vulgate ni kí wọ́n máa lò bí ojúlówó. Póòpù Sixtus Karùn-ún tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde ní 1590, àṣìṣe inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kó o kúrò nílẹ̀, tí Clement Kẹjọ tẹ òmíràn ní 1592. Ní 1943, Póòpù Pius Kejìlá ṣàlàyé pé ohun tí Trent ní lọ́kàn ni pé kò sí ohun tó lè ṣi ènìyàn lọ́nà nínú rẹ̀ ní ti ìgbàgbọ́ àti ìwà, ó sì rọ àwọn onímọ̀ láti padà sí Hébérù àti Gíríìkì. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tó kọ Ìjẹ́wọ́ Westminster ní 1646 sọ pé Hébérù àti Gíríìkì ni Ọlọ́run mí sí tààrà, orí wọn sì ni kí àríyànjiyàn parí sí, ṣùgbọ́n kí a túmọ̀ wọn sí èdè gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìkéde Chicago tí àwọn Kristẹni ajíhìnrere ṣe ní 1978 náà sọ pé àdàkọ àti ìtumọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run níwọ̀n bí wọ́n bá ṣe fi ohun tí àwọn òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ kọ hàn láìyẹ̀. Ibi tí èmi dúró náà nìyẹn.

Mo mọ ìbéèrè tí wọn yóò bi ọ: ìwé tí ọwọ́ Pọ́ọ̀lù gan-an kọ kò sí mọ́, kí wá ni àǹfààní ìmísí ohun tí ó ti sọnù? Dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ ni Ọlọ́run mí sí, kì í ṣe awọ tàbí òrépèté, ewéko tí wọ́n fi ń ṣe ìwé láyé àtijọ́, tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì ti Májẹ̀mú Tuntun tó wà nílẹ̀ ju 5,000 lọ, àwọn kan odindi, àwọn kan àjákù. Wọ́n yàtọ̀ síra wọn níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tàbí èyí tó ṣáájú nínú ọ̀rọ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Àwọn ibi tó tóbi kò fara pa mọ́: Máàkù 16:9–20 àti Jòhánù 7:53–8:11 ni a mọ̀ jù, Bíbélì tó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò sì fi àmì sí wọn.

Níwọ̀n bí ìtumọ̀ ti rí àṣẹ gbà láti inú ìṣòótọ́ rẹ̀, ó yẹ kí o mọ bí wọ́n ṣe ń dán ìṣòótọ́ náà wò. Ẹni tó ń túmọ̀ yóò kọ́kọ́ yẹ ẹsẹ náà wò ní èdè àkọ́kọ́, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gíríìkì tàbí Hébérù, yóò wá ohun tó fò àti ohun tó lé. Lẹ́yìn náà, wọn yóò kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn elédè tí kò lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, wọn yóò sì bi wọ́n ní ìbéèrè: ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí, kí ló fà á, kí ni wọ́n ní kó ṣe? Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ sí ohun tí òǹkọ̀wé sọ, gbólóhùn náà kò tíì dára, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ tọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan tí kò lo ìwé àkọ́kọ́ yóò tún túmọ̀ rẹ̀ padà sí èdè tí olùyẹ̀wò gbọ́, kí ìyẹn lè rí ohun tí ìtumọ̀ náà ń sọ ní tòótọ́. Ìgbà náà ni wọn yóò tọ ipasẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ bíi májẹ̀mú, oore-ọ̀fẹ́ àti òdodo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọ̀kan má di mẹ́ta láìnídìí.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ pọ̀. Ojú adàwékọ lè fo ìlà kan nígbà tí ìlà méjì bá parí bákan náà. Èdè kan lè ní “àwa” méjì, ọ̀kan tó kó ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ra àti ọ̀kan tó yọ ọ́ sílẹ̀; olùtúmọ̀ tó bá mú èyí tí kò tọ́ ti lé àwọn òǹkàwé kúrò nínú ìlérí. Ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ Hébérù náà ń da ènìyàn rú: ní Ámósì 4:6, Ọlọ́run ní òun fún wọn ní “mímọ́ eyín”. Ìyàn ni wòlíì ń sọ, pé eyín wọn mọ́ torí wọn kò rí ohun tí wọn yóò jẹ. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yọ ọ̀rọ̀ láìfi àlàyé sí i ti sọ ìbáwí di ẹ̀bùn. Ẹ̀kọ́ tí olùtúmọ̀ fẹ́ràn sì tún lè wọlé: Martin Luther, alátùn-únṣe ìjọ ní Jámánì, fi “nìkan” sí Róòmù 3:28 nínú Májẹ̀mú Tuntun ti Jámánì tó ṣe ní 1522, Gíríìkì kò sì ní i. Ó gbèjà ara rẹ̀ ní 1530 pé bí èdè Jámánì ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo gbà pé ó mọ ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ, síbẹ̀ ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé Luther ló fi í síbẹ̀.

Má sì jẹ́ kí wọ́n da ìmísí pọ̀ mọ́ ohun tí Ẹ̀mí ń ṣe nínú ẹni tó ń kà. Bí ẹsẹ kan bá là ọ́ lóye lóru tí omijé sì bọ́ lójú rẹ, iṣẹ́ Ẹ̀mí ni, mo gbà, àmọ́ kò sọ ìtumọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ di aláìlábùkù. Ọ̀pọ̀ tó ń jà fún Bíbélì kan ṣoṣo, ohun tó mọ́ wọn lára láti kékeré ni wọ́n ń jà fún. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 403, Augustine kọ̀wé sí Jerome pé bíṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú Oea, èyí tó di Tripoli ní Líbíà, ka Jónà láti inú ìtumọ̀ Látìnì tuntun tí Jerome ṣe. Orúkọ ewéko tó ṣíji bo Jónà ní 4:6 yàtọ̀ sí èyí tí etí wọn ti mọ̀ láti ìran dé ìran. Ìjọ bá dàrú, díẹ̀ ló kù kí bíṣọ́ọ̀bù máa wà láìní ọmọ ìjọ. Ewéko lásán, tí kò kan ìgbàlà ẹnikẹ́ni!

Nígbà tí ìtumọ̀ méjì bá takora nínú ẹgbẹ́ yín, ohun tí màá fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n tẹ̀ lé ló yàtọ̀, tàbí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gbà túmọ̀ lọ́nà méjì. Àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé àti ọ̀rọ̀ ìṣáájú ló máa sọ ọ́. Bíbélì tí kò bá ní méjèèjì, ẹ má fi ṣe ìdájọ́. Ẹ gbé mẹ́ta tí ìgbìmọ̀ túmọ̀ síwájú, kó má jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ẹ sì ya èyí tó jẹ́ àtúnsọ lọ́rọ̀ ẹnu ara ẹni sọ́tọ̀, torí ó wúlò fún kíkà ṣùgbọ́n kò ṣeé fi parí àríyànjiyàn. Ẹ ka orí náà tán kí ẹ tó jiyàn lórí ẹsẹ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀kọ́ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ kan ṣoṣo ní tí gbogbo èyí tó kù kò ní. Ẹni tó bá gbọ́ Gíríìkì láàárín yín, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, ẹ sì jẹ́ kó ràn yín lọ́wọ́. Kò di àlùfáà tó ń dúró láàárín yín àti Ọlọ́run nítorí rẹ̀.

Ẹ fi Sáàmù 40 àti Hébérù 10 bẹ̀rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni àkọ́kọ́ ka ọ̀kan, kí ẹnì kejì ka èkejì. Tí àríyànjiyàn bá tún kù sílẹ̀, kọ ẹsẹ náà ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú orúkọ Bíbélì tí olúkúlùkù ń lò àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí n lè mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.